Láti Challenge Dé Agbowó: Bí Mo Ṣe Wá Ìlù Kan Kiri Ìbàdàn

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Èmi tíṣà yín ṣubú láìpẹ́ yìí, mo sì wo ẹ̀yìn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún yín, pẹ̀lú ìrìn tí mo rìn ní ọjọ́ Sátidé kan láti Challenge títí dé Agbowó.

Bí ẹnìkan bá ní ìrìn àjò wo ni ó wà nínú ìlú kan ṣoṣo, a jẹ́ pé olúwarẹ̀ kò tí ì wọ Máíkírà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ Sátidé tí ìgbéyàwó pọ̀. Ẹni tí ó bá ń ti Challenge lọ sí Agbowó ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bí ó bá di oúnjẹ dání, kò ṣìṣe.

BÍ MO ṢE GBA Ẹ̀RỌ NÁÀ

Ní sáà kìíní ọdún ẹ̀kọ́ yìí, mo ń kọ́ kíláàsì mi ní ìṣirò nígbà tí mo rí ọmọkùnrin kan ní ìjókòó ẹ̀yìn, ó tẹrí ba, okùn tín-ínrín kan sì wà ní etí rẹ̀. Mo yọ́ lọ bá a. Ẹ̀rọ kékeré kan ni mo bá lọ́wọ́ rẹ̀, kò ju ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ó ní ojú kótópó kan, ó sì ní bọ́tìnnì tí ó rí bí àgbélébùú ní apá òsì. Àwọn mìíràn nínú yín yóò mọ̀ ọ́n: Game Boy ni, ẹ̀rọ eré tí ilé iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Jàpáànù kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1989.

Ìwé ìkọ̀wé kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ṣí i. Kò sí ìṣirò kan níbẹ̀. Lẹ́tà àti nọ́ḿbà ni ó kún inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní ìlà-ìlà: C 5, E 5, G 4, 0A, 3F. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó ń já àwa tíṣà láyà ní ayé òde òní. Mo ní ọmọ yìí ti wọ ẹgbẹ́ àwọn oníyahoo, nọ́ḿbà owó àwọn ẹni ẹlẹ́ni ni ó ń kọ pamọ́.

Mo bi í pé, "Kí nìyí?"

Ó dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn. "Orin ni, sà."

"Orin wo ni ó ń jẹ́ 3F?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Mo gba ẹ̀rọ, mo gba ìwé, mo tì wọ́n mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, mo sì ní kí ó lọ pe òbí rẹ̀ wá. Òbí kò wá. Sáà kìíní parí, a wọ sáà kejì, ẹ̀rọ sì wà níbẹ̀. Kí n sọ òtítọ́, mo ti gbàgbé rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta sáà kejì ni ìyá ọmọ náà dé, ìyẹ̀fun èlùbọ́ wà ní etí ìró rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. N kò bá ìjà wá. Ọmọ mi jẹ̀bi. Ẹni tí a ń kọ́ ní ìwé kì í fi okùn sí etí. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni ó rán mi. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ìlù àwọn wà nínú dúrọ́ọ̀ yín."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Ó wá ṣàlàyé. Ìdílé àyàn ni wọ́n. Bàbá rẹ̀ ti ń lu dùndún láti kékeré, ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tí ó fi ń di ọ̀pá ìlù mú. Ẹnu bàbá yá, etí rẹ̀ yá, ọwọ́ kò ṣe é gbé. Ẹ̀gbọ́n ìyá náà tí ó wà ní Lọ́ńdọ́nù ni ó fi ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́ sí ọmọ náà, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí a fi ń ṣe orin nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ní alaalẹ́, bàbá a máa fi ẹnu pe ìlù, ọmọ a máa tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ a sọ ọ́ padà, bàbá a sì máa ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́," títí yóò fi di bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìyá náà lọ tán, mo ṣí dúrọ́ọ̀. Bátìrì inú ẹ̀rọ náà ti dà, ohun funfun bí iyọ̀ ti bo gbogbo ẹnu irin rẹ̀. Mo ra bátìrì tuntun sí i, kò tàn. Oorun kò kun ojú mi dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ó DI CHALLENGE

Nígbà tí Sátidé mọ́, mo fi aṣọ ìnura we ẹ̀rọ náà, mo jáde nílé mi ní Challenge. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀ mọ̀ pé àárọ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán. Ọkọ̀ Èkó ń pe èrò, àwọn obìnrin ń ta búrẹ́dì, Máíkírà ń fọn fèrè lérí ara wọn. Ní ìhà ibẹ̀ náà ni Music House wà, ilé ńlá tí Yínká Ayéfẹ́lẹ́ olórin kọ́, tí ilé iṣẹ́ rédíò Fresh FM wà nínú rẹ̀. Bí mo ti ń wo ilé tí a fi orin kọ́, mo gbé ilé orin mìíràn tí mo ti bàjẹ́ sí abẹ́ abíyá.

A gba Ring Road. A kọjá níwájú pápá ìṣeré tí a ṣí ní ọdún 1960 tí a sọ ní Liberty, tí ó ń jẹ́ orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nísinsìnyí. Mo sọ̀kalẹ̀ ní ilé ìtajà kan tí a ti ń ta ẹ̀rọ eré tuntun. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń tajà gba Game Boy náà lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú èyí ti wà kí wọ́n tó bí mi. Ẹ gbé e lọ sí Dùgbẹ̀. Bí ó bá ní oògùn, ọ̀dọ̀ wọn ni ó wà."

OMI ỌSÀN WẸ́WẸ́ NÍ DÙGBẸ̀

Bí a bá wọ Dùgbẹ̀, Ilé Kòkó ni ó kọ́kọ́ ń kí ni. Owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa ni wọ́n fi kọ́ ọ, àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1965. Ní ìtòsí ibẹ̀, ní ìhà Queen Cinema, ni àwọn tí ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe jókòó sí lọ́pọ̀lọpọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú tábìlì kékeré, iná òjé àti awò ojú rẹ̀.

Ẹni kẹrin tí mo bá ni ó gbà á. Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó wo ohun funfun náà, ó sì rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó lọ ra ọsàn wẹ́wẹ́. Mo rò pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ni. Ó gé ọsàn sí méjì, ó fún omi rẹ̀ sí orí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹnu irin náà. Ohun funfun náà ń hó kúrò. Ó ní, "Iyọ̀ bátìrì alkaline ni èyí, tíṣà. Kíkan ni ó ń pa á." Ó nù ún, ó fi sípírítì nù ún lẹ́ẹ̀kejì, ó fi bátìrì mẹ́rin sí i, ó tan án. Ojú ẹ̀rọ là, ó sì dún "tíín." Inú mi dùn bí ẹni tí ó yege ìdánwò.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ mi kò pẹ́. Nígbà tí ó ki kásẹ́ẹ̀tì orin bọ̀ ọ́, ojú ìlà-ìlà hàn, kò sì sí ohun kan nínú ìlà wọ̀nyí. Ó tú kásẹ́ẹ̀tì náà. Ó fi bátìrì pẹlẹbẹ kan tí ó dà bí kọ́bọ̀ hàn mí. Ó ní, "Èyí ni ó máa ń ṣọ́ orin tí a bá tẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì nígbà tí a bá pa ẹ̀rọ. Ó ti kú. Bí ó bá ti kú, ohun gbogbo tí ó ń ṣọ́ ti lọ nìyẹn."

Mo bi í bóyá èmi ni mo pa á. Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "Rárá o. Ó ti gbó. Ìbá kú lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ín ìbá ti rí i pé ó ń kú." Ó jó bátìrì tuntun mọ́ ọn pẹ̀lú òjé, ó gba owó rẹ̀, ó kí mi pé ó dàbọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn yẹn ni mo gbé wọ ọkọ̀ Bódìjà.

NÍ Ọ̀DỌ̀ ÌYÁ ELÉLÙBỌ́

Láti Mọ́kọ́lá lọ, mo ń ro bí n ó ti sọ ọ́. Ọkọ̀ wa kò jìnnà sí Agodi, níbi tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, tí ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn fi di ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú. Mo ní nínú ara mi pé, ní ìlú tí àwọn bàbá wa kò bẹ̀rù ẹ̀rọ tuntun, èmi tíṣà bẹ̀rù ẹ̀rọ ògbólógbòó.

Ọjà Bódìjà kún fọ́fọ́: pákó ní apá kan, ẹran ní apá kan, ata àti tòmátì ní apá kan. Mo bá ìyá náà ní ìsọ̀ rẹ̀, ó ń wọn èlùbọ́ fún oníbàárà. Mo dúró títí oníbàárà fi lọ. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ ti yá, ṣùgbọ́n orin inú rẹ̀ ti lọ, àti pé mo jẹ̀bi. Kò pariwo. Ó fi ọwọ́ nu orí òṣùwọ̀n rẹ̀ kí ó tẹ́, ó sì ní, "Tíṣà, ẹ lọ fi ẹnu yín sọ ọ́ fún bàbá." Ó fi ìsọ̀ lé aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́, a jọ wọ ọkọ̀ Agbowó.

ÌWÉ TÍ MO PÈ NÍ TI YAHOO

Agbowó dojú kọ ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1948. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà ìwé, tí wọ́n ń jẹ àmàlà. Nínú ọgbà kan lẹ́yìn òpópó ni bàbá náà jókòó sí, lórí àga gbọọrọ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí itan. Dùndún rẹ̀ gbé kọ́ sí ara ògiri. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Ọmọ náà dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń gbọ́.

Bàbá dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Dìde, tíṣà. Ìwé ńkọ́?"

Mo ní, "Ìwé wo, bàbá?"

"Ìwé tí o gbà mọ́ ọn. A kì í fi gbogbo alẹ́ jó bátìrì. Bí bátìrì bá kù díẹ̀, inú ìwé ni ó máa ń kọ ọ́ sí."

Ìwé náà wà nínú àpò mi! Ìwé 3F tí mo fi ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀sín ni ìlù bàbá wà nínú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tí ó ń gbé yàrá kejì ni ó là mí lójú. Ó ní irú ètò tí ọmọ náà fi ń ṣe orin ni a ń pè ní tracker. Karsten Obarski ará Jámánì ni ó ṣe Ultimate Soundtracker ní 1987 fún kọ̀ǹpútà Amiga, láti ibẹ̀ ni irú rẹ̀ sì ti gbilẹ̀. Ti inú kásẹ́ẹ̀tì ọmọ yìí ń jẹ́ Little Sound DJ, Johan Kotlinski ará Sweden ni ó sì ṣe é. Òun akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tí ó ń jẹ́ hUGETracker, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ wo ìwé gbèsè yín, ẹ ó mọ bí tracker ti rí. Ẹ̀yin a máa kọ orúkọ, ẹ a kọ ọjà, ẹ a kọ iye owó, ìlà kan lẹ́yìn èkejì láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ àkókò kan náà bí ìṣísẹ̀ ẹsẹ̀. Lórí ìlà ni a ó kọ ohùn tí ó yẹ kí ó dún, nọ́ḿbà ohun èlò tí yóò dún un, àti àṣẹ tí yóò tẹ̀ lé. Ìlà tí a kò kọ nǹkan sí, ìdákẹ́ ni, tàbí ohùn àná ṣì ń dún lọ. Ìlà mẹ́rìndínlógún ni ó wà nínú gbólóhùn kan. Nọ́ḿbà rẹ̀ kò sì dúró ní 9: lẹ́yìn 9, A ni, títí dé F, kí ó tó di 10 tí í ṣe mẹ́rìndínlógún. Ìdí 3F nìyẹn!

Ohùn mẹ́rin péré ni Game Boy ní. Méjì jẹ́ ohùn híhan bí ti fèrè. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ń ṣe orin fúnra rẹ̀ máa ń ya ìrísí rẹ̀, àmì méjìlélọ́gbọ̀n, olúkúlùkù ní ipele mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ariwo ṣáá, bí ìgbà tí a bá mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú mẹ́rin yìí ni Hirokazu Tanaka ṣe ètò orin eré Tetris ti 1989 tí ó yí gbogbo ayé ká. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò ṣe bí ti wọn. Ó fi ìyáàlù sí ohùn kìíní, ó fi ọ̀kan nínú àwọn ìlù tí ń tẹ̀ lé e sí ìkejì, ó fi ìlù tí ohùn rẹ̀ wọlẹ̀ sí ìkẹta, ó sì fi ariwo ṣe gúdúgúdú.

Ẹ̀yin tíṣà mọ̀ pé ohùn ni èdè wa. T. K. E. Phillips, tí ó jẹ́ olórin ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Àwa tí a ti kọ orin ìsìn tí a túmọ̀ mọ́ ohùn òyìnbó mọ bí ọ̀rọ̀ ti í dà rú. Ìyáàlù kì í sì í fo láti ohùn òkè sí ìsàlẹ̀ nìkan. Bí a bá fún ọṣán rẹ̀ mọ́ra, ó máa ń yọ́ lọ ni. Àṣẹ kan wà nínú tracker náà tí a ń kọ ní L, tí ń mú ohùn kan yọ́ lọ bá òmíràn. Gbogbo ojú ìwé ọmọ náà ni ó kún fún L. Mo ti rò pé àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà tún ní nínú ẹ̀rọ, àyè mẹ́jọ ni ó wà nínú ẹyọ ìrántí kan, olúkúlùkù jẹ́ òfo tàbí ọ̀kan, èyí sì jẹ́ igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ọ̀nà. Bàbá gbé orí sókè. Ó ní, "Mẹ́rìndínlógún ọ̀nà mẹ́rìndínlógún? Àmì mẹ́jọ, ẹyọ kan tàbí méjì? Ẹni tí ó ṣe é, ṣé babaláwo ni?" Nítorí iye odù Ifá gan-an nìyẹn, bí a sì ti í tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo dé.

OJÚ ÌWÉ TÍ Ó KẸ́YÌN

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èmi ni mo ń ka ìwé sókè, bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé: "Ìlà òfo, C 5. Ìlà kejì, kò sí. Ìlà kẹrin, A 4, L." Ọmọ ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà kí ó lè wà ní ibi méjì. Bí a bá parí ojú ìwé kan, ẹ̀rọ a dún, bàbá a sì tẹ́tí. Níbi tí èmi ti ṣi ìwé kà, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni ó ní, "Tíṣà, ìyáàlù kò lè sọ bẹ́ẹ̀," tí mo sì tún wò ó tí mo rí i pé mo fo ìlà kan. Omi bátìrì ti jẹ ìdajì ojú ìwé kan. Bàbá fi ẹnu pe èyí tí ó sọnù, a tún un kọ. Oòrùn wọ̀, iná ìjọba lọ, a ń bá a lọ.

Ó ku ojú ìwé kan. Kò pé ìlà mẹ́jọ. Ní òkè rẹ̀ ni ó kọ sí: "Tíṣà." Àyà mi já. Ọjọ́ tí mo gba ìwé ni a kọ ọ́, kò sì ní ìparí. Mo ní bí èébú bá ni, ó tọ́ sí mi. Mo kà á sókè.

Ẹ̀rọ náà dún: òkè, ìsàlẹ̀, àárín, òkè, àárín, òkè. Bàbá bú sẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní, "Ẹ̀rọ ń bá ọ wí! Ó ní, 'Tíṣà, ẹ gbé e wá!'"

Mo wo ọmọ náà. Ó káwọ́ sẹ́yìn bí ti ọjọ́ kìíní. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́, sà. Ẹ kò tí ì gbà á nígbà tí mo kọ ọ́. 'Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́' ni."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìlù, ẹ fi ẹnu pe méjèèjì wò. Ohùn kan náà ni. Ọmọ náà ń kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ bí yóò ti kí mi, mo sì já ìkíni náà gbà lẹ́nu rẹ̀, mo tì í mọ́ dúrọ́ọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sọ fún mi nínú òkùnkùn pé kí n gbé e wá, èmi kò sì gbọ́.

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, n kò sọ pé kí ọmọ máa lùlù nígbà ìṣirò. Bí mo bá tún bá a, n ó tún gbà á, ọmọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n n ó gbà á di agogo méjì ọ̀sán ni, n ó sì jókòó béèrè pé kí ni ó jẹ́ kí n tó sọ ọ́ ní orúkọ. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá ní ọjà, bí ọmọ yín bá ń kọ ohun tí kò yé yín, ẹ ní kí ó kà á fún yín. Olè kì í lè ka iṣẹ́ rẹ̀ sókè níwájú ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe ohun rere, ó máa ń wá ẹni tí yóò gbọ́ ni. Àti pé ohun tí ẹ bá mọyì, ẹ má fi sí ibì kan ṣoṣo, nítorí bátìrì tí ń ṣọ́ ọ lè kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí mo wọ ọkọ̀ padà sí Challenge. Ìyá náà ti di èlùbọ́ sí àpò fún mi. Mo kọ̀, kò gbà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ìre ọmọ wa. Ó dàbọ̀ o.